Láti Kétu dé Àjàṣẹ́ Láìgba Ọ̀rá

Ní ìdájí ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò òru ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo dúró sí iwájú Akaba Ìdènà ní ìlú Kétu. Kò sí ọmọ Kétu tí kò mọ ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yìí ni àwọn baba ńlá wa fi ń ṣọ́ ìlú. Odi yí ìlú ká, yàrà jíjìn wà lẹ́yìn odi, ẹni tí ó bá sì fẹ́ wọ àárín ìlú níláti gba iwájú àwọn oníbodè kọjá, kí wọ́n wo ohun tí ó rù kí wọ́n tó yà fún un. Ogun Dahomey fọ́ ìlú náà ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n àwọn tí ó padà bọ̀ láti ìgbèkùn tún un tẹ̀ dó, ẹnu ọ̀nà náà sì wà síbẹ̀ títí di òní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ibi tí àgbàrá òjò ti ṣàn kọjá lẹ́bàá ọ̀nà ni mo tẹjú mọ́. Ọ̀rá dúdú lọ́ mọ́ gbòǹgbò igi, ọ̀rá omi mímu lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀, òmíràn sì so mọ́ orí igbó bí ẹni sá aṣọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Nígbà tí mo ka ogójì, mo ṣíwọ́. Mo bi ara mi pé, àwọn wọ̀nyí, ta ni ó yẹ ẹrù wọn wò kí wọ́n tó wọlé?

Ọ̀rá tí mò ń sọ yìí ni èyí tí a ń fi èdè Faransé pè ní *sachet*. Kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ohun tí ó là mí lójú ni ikú ewúrẹ́ kan.

Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Kékeré, ẹlẹ́kọ ni. Ẹ̀kọ ni ó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì fi díẹ̀ nínú owó rẹ̀ rán èmi náà lọ sí ilé ìwé. Ó ní abo ewúrẹ́ kan tí ó lóyún. Ewúrẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù, bẹ́ẹ̀ ni ikùn rẹ̀ ń tóbi. A rò pé oyún ni. Ó kọ oúnjẹ, ó dùbúlẹ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kẹta, ó kú. Alápatà tí ó wá là á fa ìdì ọ̀rá kan yọ nínú àpò ìfun rẹ̀, ó tó orí ọmọdé, ó wé mọ́ra bí okùn àgbẹ̀. Ìyá Kékeré tẹ̀ ba, ó wò ó fínnífínní. Òwú pupa wà lára àwọn ọ̀rá náà. Òwú pupa yìí ni òun nìkan fi ń so ẹnu ọ̀rá ẹ̀kọ rẹ̀ ní àdúgbò wa, kí àwọn oníbàárà lè dá a mọ̀.

Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ pé: “Ọwọ́ ara mi ni.” Ó wọlé, kò sì ta ẹ̀kọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ kò lè pọ ọ̀rá jáde, kò sì lè yà á nù. Yóò dúró sí àpò ìfun, òmíràn yóò máa bá a níbẹ̀, títí àyè kò fi ní sí fún koríko mọ́. Ikùn ewúrẹ́ yóò kún, ebi ni yóò sì pa á. Kí ni yóò sì mú ewúrẹ́ jẹ ọ̀rá? Iyọ̀ àti oúnjẹ tí ó kù lára rẹ̀ ni. Ẹ̀kọ dídùn ni ewúrẹ́ Ìyá Kékeré ń wá.

Nígbà tí ó gbọ́ pé mo ń lọ sí Àjàṣẹ́, ìlú tí a ń pè ní Porto-Novo, ó pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní: “Ọmọ mi, bá mi wò ó bí àwọn ẹlẹ́kọ ibẹ̀ bá ṣì ń lo ewé. Bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń rí i àti iye tí wọ́n ń rà á. Nígbà tí mo ń fi ewé di ẹ̀kọ, inú igbó ni a ti ń já a. Igbó ti di oko, oko ti di ilé. N kò fẹ́ràn ọ̀rá. Ewé ni kò sí.”

Iṣẹ́ tí ó rán mi nìyẹn. Mo wá fi ẹ̀jẹ́ ti ara mi kún un: láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́, àti ní àbọ̀, n kò ní gba ọ̀rá kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo mú àpò aṣọ kan, abọ́ onídèérí kan, àti ìgò omi kan tí ó ti wà nílé láti ìgbà ayé bàbá mi.

Ọ̀dọ̀ alákàrà tí ó wà lẹ́bàá ọjà ni mo ti kọ́kọ́ dán an wò. Kí n tó lanu, ó ti na ọwọ́ sí ọ̀rá. Mo gbé abọ́ síwájú rẹ̀, mo ní: “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, inú èyí ni kí ẹ kó o sí.” Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá oko ni mò ń lọ. Ó ka àkàrà mi sínú abọ́, ó wá fi ẹyọ kan lé e. Mo ní èyí ti jẹ́? Ó ní: “Èènì ni. Ọ̀rá tí o kò gbà yẹn, èmi náà fowó rà á ni.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. A máa ń rò pé ọ̀fẹ́ ni ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ kẹ̀, owó rẹ̀ wà nínú owó àkàrà, alákàrà ni ó sì ń kọ́kọ́ san án.

Ọkọ̀ wa gbéra. Ènìyàn méje ni wọ́n há sínú rẹ̀ yàtọ̀ sí awakọ̀, bí ìṣe ọ̀nà wa. A kọjá Ìlíkìmù, a sì ń sún mọ́ Onígbólò, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà. Òùngbẹ ti ń gbẹ àwọn èrò. Awakọ̀ dúró, àwọn ọmọdé sì gbé omi inú ọ̀rá sá wá. Gbogbo èrò rà, mo mu omi inú ìgò mi. Bí ọkọ̀ ti tún gbéra báyìí ni ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde láti ojú fèrèsé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí adìyẹ tí ń já sílẹ̀ láti orí igi.

Bàbá àgbàlagbà kan jókòó tì mí. Òun nìkan ni kò ju tirẹ̀ nù. Ó ká a, ó fi sí àpò agbádá rẹ̀. Mo kí i fún un. Ó ní kí n má kí òun, pé òun náà ti jù púpọ̀ nù rí. Ó wá sọ pé: “Nígbà tí a wà ní èwe, kò sí ohun tí a kì í jù nù. Ewé ẹ̀kọ, èèpo ọsàn, háhá àgbàdo, a ó jù ú sẹ́yìn. Ewúrẹ́ á jẹ díẹ̀, ikán á jẹ díẹ̀, ilẹ̀ á jẹ ìyókù. Ta ni ó bá wa wí? Ìwà ọwọ́ wa kò yí padà, ọmọ mi. Ohun tí ó wà nínú ọwọ́ ni ó yí padà.”

N kò tíì gbọ́ àlàyé tí ó tó èyí. A máa ń sọ pé ọ̀lẹ àti ọ̀bùn ni ó sọ ìlú wa di ààtàn. Ṣùgbọ́n ìṣe tí kò pa ẹnikẹ́ni lára fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran ni a ń ṣe, a kàn ń fi ohun mìíràn ṣe é. Ọ̀rá kì í ṣe ewé. Inú epo rọ̀bì àti gáàsì ilẹ̀ ni a ti ń yọ ohun tí a fi ń ṣe é. Ní ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ṣèèṣì rí èròjà rẹ̀, *polyéthylène*. Àpò ọ̀rá ọlọ́wọ́ tí a mọ̀ lónìí, ilé iṣẹ́ kan ní Sweden ni ó gba àṣẹ ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1965. Ohun tí kò tíì tó ọjọ́ orí bàbá tí ó jókòó tì mí ni. Ikán kò mọ̀ ọ́n, ilẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Oòrùn a máa gbó o, yóò sì fọ́ sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ náà yóò wà nínú erùpẹ̀ àti nínú omi. Bí a bá sì sun ún, èéfín olóró ni a ó fà símú.

A dé Pobẹ̀. Ìlú ọ̀pẹ ni Pobẹ̀. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí nípa ọ̀pẹ ti wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ irúgbìn ọ̀pẹ tí a ń gbìn ní orílẹ̀-èdè wa ni ó sì ti ibẹ̀ wá. Nígbà tí mo rí àwọn ọ̀pẹ náà tí wọ́n tò lọ rẹrẹ, mo rántí pé igi kan ṣoṣo yìí ń fún wa ní epo, àdín, ọṣẹ, ìgbálẹ̀, apẹ̀rẹ̀ àti igi ìdáná, kò sì fi ìdọ̀tí kankan sílẹ̀ fún ọmọ wa. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ra apẹ̀rẹ̀ imọ̀ ọ̀pẹ kan tí ó dára púpọ̀ fún Ìyá Kékeré. Mo ń ka owó lọ́wọ́ ni. Kí n tó gbójú sókè, ọmọge tí ó ń tà á ti fi ọ̀rá dúdú ńlá kan wé apẹ̀rẹ̀ náà yíká, kí eruku má baà bà á. Ọkọ̀ sì ti ń fun fèrè. Bí mo ṣe gba ọ̀rá kìn-ín-ní nìyẹn: apẹ̀rẹ̀, tí ó yẹ kí ó gba ipò ọ̀rá, nínú ọ̀rá ni ó wọ ọkọ̀.

Ní Ṣakété, mo ra búrẹ́dì. Nínú ọ̀rá ni wọ́n ti dì í láti ilé búrẹ́dì. N kò lè tú u kí n dá ọ̀rá padà. Ọ̀rá kejì nìyẹn.

Ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn bí a ti ń lọ: ṣé kò sí òfin ni? Òfin wà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni orílẹ̀-èdè Benin gbé òfin 2017-39 jáde. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ọ̀rá tí kì í jẹrà, kò gbọdọ̀ kó o wọlé tàbí jáde, kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ ní in lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ pín in, kò sì gbọdọ̀ lò ó. Ó kúkú sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé etí ibodè mọ̀ pé ọ̀nà oko pọ̀ ju ọ̀nà ọba lọ, ọjà tí a bá sì lé ní ẹnu ọ̀nà kan, ó lè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Lẹ́yìn èyí, òfin lè gba ọ̀rá lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ, kò lè fi ewé sí i lọ́wọ́. Ohun tí Ìyá Kékeré rán mi láti wá gan-an nìyẹn.

Òjò ni ó kí wa káàbọ̀ sí Àjàṣẹ́. Ẹni tí ó bá mọ ìlú náà yóò mọ̀ pé ìlú ẹlẹ́wà ni: ilé àwọn Àgùdà pẹ̀lú fèrèsé gíga wọn, mọ́ṣáláṣí ńlá tí a kọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Brazil, àti ọ̀sà tí ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, gbogbo omi ìlú ni ó ń wá ọ̀nà dé ọ̀sà yẹn. Níbi tí mo forí pamọ́ sí, ọ̀rá ti dí ẹnu gọ́tà, omi sì kún bo ojú títì títí ó fi wọ ilé aránṣọ kan. Aránṣọ náà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sórí tábìlì. Ọmọ iṣẹ́ náà fi irin kọ́kọ́rọ́ wọ́ ìdì ọ̀rá jáde lẹ́nu gọ́tà. Omi náà kù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kò tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí ojú títì fi hàn. Ọ̀rá tí ó wọ́ jáde ńkọ́? Ẹ̀bá gọ́tà náà ni ó kó o jọ sí. Òjò mìíràn ń bọ̀ wá gbé e.

Ní etí ọ̀sà, mo bá apẹja kan tí ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ó ní nígbà mìíràn àwọ̀n a wúwo, inú òun a sì dùn, àfi kí òun fà á sókè kí òun bá ọ̀rá àti ìgò oníke. Ohun tí a jù nù ní Kétu lè má dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n Kétu náà ní odò tirẹ̀, Ṣábẹ̀ẹ́ sì ní tirẹ̀, kò sì sí odò tí kò ní apẹja.

Ní ọjọ́ kejì, mo gba ọjà Wàǹdó lọ. Àdúgbò yìí náà ni ibùdó Songhai wà, èyí tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ọdún 1985. Ẹ̀kọ́ pàtàkì tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ ni pé kí ìdọ̀tí iṣẹ́ kan di oúnjẹ iṣẹ́ mìíràn: ìgbẹ́ ẹran di gáàsì ìdáná àti ajílẹ̀, ajílẹ̀ di ẹ̀fọ́. Nígbà tí mo ronú sí i, mo rí i pé ohun tí bàbá inú ọkọ̀ sọ náà ni, nínú aṣọ ìgbàlódé.

Inú ọjà ni mo ti rí ẹni tí mò ń wá. Ìyá kan jókòó, àkàsà wà níwájú rẹ̀, ewé ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo kúnlẹ̀ lórí eékún kan, mo kí i, mo jíṣẹ́ Ìyá Kékeré fún un. Ó wò mí, ó ní: “Kétu ni o ti wá nítorí ewé?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi àpótí lọ̀ mí.

Ó ní ewé tẹ́ẹ̀kì ni òun ń lò jù. Àwọn ènìyàn rò pé igi pákó nìkan ni tẹ́ẹ̀kì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ẹ̀kì tí ó ṣì kéré, tàbí èyí tí a gé tí ó sì tún rú, òun ni ewé rẹ̀ ń gbòòrò jù, ìwọ̀n ọdún kan péré ni a ó sì ti máa já a. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbin ìlà kan sí ẹ̀yìn oko, inú ibẹ̀ ni òun ti ń já. Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́, nígbà tí tẹ́ẹ̀kì máa ń wọ́wé? Inú rẹ̀ dùn sí ìbéèrè náà. Ó ní: “O gbọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sí ọ̀rá.” Ó ní ní ẹ̀ẹ̀rùn, ewé inú àbàtà ni òun ń rà lọ́wọ́ àwọn ará etí omi, bí kò bá sì sí, òun a yan ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí iná díẹ̀ kí ó lè rọ̀, kí ó má baà ya. Ó ní ewé wọ́n ju ọ̀rá lọ, òun kò ní purọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kì í ra èyí tí ó wà nínú ọ̀rá láéláé, nítorí òórùn ewé wà nínú adùn àkàsà, àwọn olóde ńlá a sì máa wá bá òun ṣe àdéhùn ṣáájú. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní: “Sọ fún ìyá rẹ pé kí ó má ju ọ̀rá nù lọ́jọ́ kan. Oníbàárà yóò sá. Kí ó fi ewé bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.”

Mo ra àkàsà mẹ́ta. Ewé ni ó fi dì í, abọ́ mi ni ó kó o sí.

Ní àbọ̀, orí ń fọ́ mi, mo ra oògùn, ọ̀rá ni wọ́n kó o sí kí n tó sọ̀rọ̀. Omi inú ìgò mi tán ní Pobẹ̀, kò sí ibi tí mo lè ti bù ú, mo ra omi inú ọ̀rá. Mẹ́rin péré ni mo gbà lápapọ̀. Mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin délé. Mo fi wọ́n sórí tábìlì, mo sì rí i pé kò sí ọ̀kan tí mo dìídì tọrọ. Apẹ̀rẹ̀ ni mo béèrè, búrẹ́dì ni mo béèrè, oògùn ni mo béèrè, omi ni mo béèrè. Àwọn ibi tí mo ti tètè sọ̀rọ̀, mo bọ́. Àwọn ibi tí mo ti pẹ́, ọ̀rá yá jù mí lọ. Ti omi àti búrẹ́dì nìkan ni agbára mi kò ká, ti àwọn wọ̀nyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ìlú: ẹ̀rọ omi tí ó mọ́ ní ibùdókọ̀, àti ilé búrẹ́dì tí yóò fi pépà dì í.

Mo jíṣẹ́ fún Ìyá Kékeré. Ó tú àkàsà kan, ó gbóòórùn ewé rẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣe ìṣirò. Ó ní ẹni tí ó bá gbé abọ́ wá yóò gba èènì, nítorí kò ná òun ní ọ̀rá, kò sì ná òun ní ewé. Ẹni tí kò bá gbé abọ́ wá, ewé ni yóò gbà ní ọjọ́ tí ewé bá wà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, a gbin ogún tẹ́ẹ̀kì sí ẹ̀yìnkùlé, ibi tí a ń so ewúrẹ́ mọ́ tẹ́lẹ̀.

N kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni. Bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ìdì ọ̀rá kan ṣì wà lábẹ́ àtẹ Ìyá Kékeré nítorí àwọn èrò ọkọ̀ tí ń kánjú. Ṣùgbọ́n ìdì kan tí ó ń lò tán ní ọjọ́ ọjà kan tẹ́lẹ̀ ti ń tó o fún ọjọ́ ọjà mẹ́ta. Àwọn ọmọ àdúgbò ti mọ̀ pé abọ́ ni a fi ń gba èènì, eré ni wọ́n sì ń sá gbé e wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní Togo, n kò ní kí ẹ ru ẹrù tí ó ju agbára yín lọ. Ẹ fi àpò aṣọ kan sínú àpò ìwé yín. Ẹ tètè sọ̀rọ̀ kí ọlọ́jà tó na ọwọ́. Bí ẹ bá ń ṣe òde, ẹ gbé ìkòkò omi àti ife síta dípò ọ̀rá omi. Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀, kí ó gbin ewé. Àwọn tí ó ní ohùn láàárín yín náà ní iṣẹ́: Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, kò fi ìgbà kan dákẹ́ nígbà tí ìlú bá ń ṣìwà hù. Ní òru Ẹ̀fẹ̀ tí ń bọ̀, ó yẹ kí a gbọ́ orin nípa ewúrẹ́ tí ó yó tí ebi sì pa á.

Mo tún kọjá níwájú Akaba Ìdènà lánàá. Ọ̀rá ṣì wà lórí igbó. Mo ṣa ìwọ̀n tí ọwọ́ mi gbà, mo wò ó bóyá òwú pupa wà lára wọn. Ó wà lára méjì.